Ilẹ̀kùn wo ni a gbà jáde? Ọ̀rọ̀ àsọyé lórí fífi lúùpù sílẹ̀ kí ó tó parí

Alága ìjókòó yìí, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín lé orí itan, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú àpéjọ. Ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, ẹ kú ìdúró. N kò ní pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ kéré lójú. Wọ́n ní kí n sọ bí ènìyàn ṣe ń jáde nínú lúùpù kí lúùpù náà tó parí fúnra rẹ̀, nínú àwọn èdè script, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí a ń lò lójoojúmọ́: Python, Bash, Perl, PHP, JavaScript, Ruby àti Lua. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jẹ́, break, lẹ́tà márùn-ún péré. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo ti rí i pé púpọ̀ nínú àṣìṣe tó fara pamọ́ jù lọ, ibi tí lúùpù ti parí ni ó máa ń lúgọ sí. A máa ń fara balẹ̀ kọ bí a ṣe wọlé, a sì máa ń kánjú kọ bí a ṣe jáde. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé dání títí n ó fi ṣetán: nígbà tí prógírámù mi jáde, ilẹ̀kùn wo ni ó gbà?

Ìdí tí a fi ń jáde láàárín ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ lè bá wa rìn. Lúùpù ni àṣẹ tí a fi sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó ṣe ohun kan náà léraléra, yálà lórí gbogbo ohun tó wà nínú àkójọ kan, tàbí níwọ̀n ìgbà tí ohun kan bá ṣì rí bí a ṣe fẹ́. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò rìn dé òpin àkójọ náà. Ìyẹn dára bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni a fẹ́ fọwọ́ kàn. Bí ó bá wá jẹ́ pé ohun ẹyọ kan ni a ń wá ńkọ́?

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ló wà. Bí orúkọ 1,000,000 bá wà nínú àkójọ kan, tí èyí tí a ń wá sì jẹ́ ẹ̀kẹta láti òkè, lúùpù tí a kò dá dúró yóò tún ka orúkọ 999,997 lẹ́yìn tí ìdáhùn ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ènìyàn ni wọ́n ń bá wí. Kọ̀ǹpútà kò mọ bí a ṣe ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́. Bí a bá ṣe rán an gan-an ni yóò ṣe lọ, tí yóò sì ṣe bọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé kọ̀ǹpútà òde òní yára, kí ni a wá ń dààmú lé lórí? Òótọ́ ni, ó yára. Bí orúkọ tó ń kà bá wà nínú ìrántí rẹ̀, a lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ó kà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí yíyí kọ̀ọ̀kan bá ní láti béèrè nǹkan lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìbéèrè 1,000,000 yóò gba ohun tó lé ní ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tí ó rí ìdáhùn ní ìbéèrè kẹta kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kẹfà.

Síbẹ̀, àkókò kọ́ ni ó ká mi lára jù. Ẹ wò ó báyìí: bí orúkọ tí a ń wá bá wà níbi méjì nínú àkójọ náà, lúùpù tí ó ní break yóò mú èyí àkọ́kọ́ wá fún wa, èyí tí kò ní yóò sì fi èyí ìkẹyìn rọ́pò rẹ̀. Ìdáhùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí ó bá rò pé ìyára nìkan ni break wà fún yóò yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ kan tí kò bá kánjú, ìdáhùn yóò sì yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́ láìsí ariwo kankan.

Orúkọ tí èdè kọ̀ọ̀kan ń pè é

Èyí kò ní gùn. Àwọn ọ̀rọ̀ méjì ni a ní. Ọ̀kan sọ pé kí a fi gbogbo lúùpù náà sílẹ̀. Èkejì sọ pé kí a fi èyí tó kù nínú yíyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí sílẹ̀, kí a bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e. Ní Python, Bash, PHP àti JavaScript, break àti continue ni wọ́n ń jẹ́. Ní Ruby, break àti next ni. Perl, tí Larry Wall gbé jáde ní 1987, ń pè wọ́n ní last àti next, mo sì fẹ́ràn bí ó ṣe pè wọ́n, nítorí pé ẹni tó bá kà á yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: èyí ni ìkẹyìn, èyí ni ó kàn. Lua, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Brazil ní 1993, ní break ṣùgbọ́n kò ní continue; láti ìgbà Lua 5.2 ní 2011, goto, àṣẹ tí ń ní kí kọ̀ǹpútà fò lọ sí ìlà mìíràn, ni àwọn tó ń lò ó fi ń dí àlàfo náà.

Goto tí mo dárúkọ yìí mú mi rántí àríyànjiyàn kan tí ó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1968, Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ lẹ́tà kan sí ìwé ìròyìn Communications of the ACM, ó sì sọ níbẹ̀ pé goto ń ba prógírámù jẹ́, nítorí pé ẹni tó ń kà á kò ní lè fi ojú tọ ipa ọ̀nà tí ó gbà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ó sọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan tó tẹ̀lé e mú un le ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní gbogbo lúùpù gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbáwọlé kan àti ọ̀nà àbájáde kan péré, wọ́n sì fi break kún àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní 1974, Donald Knuth kọ ìwé gígùn kan tó fi hàn pé àwọn ibì kan wà tí jíjáde láàárín máa ń mú kí prógírámù yé ni sí i.

Níbo ni èmi dúró sí? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo ti ka kóòdù àwọn tí wọ́n sá fún break pátápátá: wọn yóò dá àmì kan sílẹ̀ tí yóò máa sọ bóyá a ti rí ohun tí a ń wá, wọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò ní orí lúùpù, wọn yóò sì tún fi if, àṣẹ tí ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun kan rí bí a ṣe fẹ́, yí gbogbo ìlà tó kù ká kí ó má baà ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí a ti rí i. Ìlà mẹ́ta di mẹ́wàá, ẹni tó ń kà á sì ní láti gbé àmì yẹn sọ́kàn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Lúùpù tí ó ní break márùn-ún káàkiri inú rẹ̀ ti di ilé tí ó ní ilẹ̀kùn lára gbogbo ògiri. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí olè gbà wọlé.

Ṣé a rí i ni, àbí àkójọ ló tán?

Ọ̀rọ̀ tí mo kà sí pàtàkì jù lónìí ni èyí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún mi létí. Nígbà tí lúùpù bá parí, ìdí méjì ni ó lè fà á. Ó lè jẹ́ pé a rí ohun tí a ń wá, a sì jáde. Ó lè jẹ́ pé a wá a títí, àkójọ tán, a kò rí i. Ìlà tó tẹ̀lé lúùpù náà kò mọ èwo nínú méjèèjì ni ó ṣẹlẹ̀, àfi bí a bá sọ fún un. Ẹ sọ fún mi, báwo ni ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń jáde ṣe fẹ́ mọ ilẹ̀kùn tí a gbà?

Ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé, lẹ́yìn lúùpù, a ó wo orúkọ tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ wa, a ó sì rò pé òun ni a rí. Ní Python, ohun tó gbẹ̀yìn máa ń wà lọ́wọ́ lúùpù lẹ́yìn tó ti parí, yálà a rí ohun tí a ń wá tàbí a kò rí i. Nítorí náà, bí a kò bá rí ẹni tí a ń wá, ẹni tó gbẹ̀yìn nínú àkójọ ni a ó mú, ẹni ẹlẹ́ni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí àkójọ náà bá sì ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní sí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, Python yóò sì figbe ta pé òun kò mọ orúkọ náà rí. Igbe yẹn sàn. Ẹni ẹlẹ́ni tí a mú láìsí igbe ni ó burú.

Python, tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, ní ohun kan tí kò wọ́pọ̀ nínú àwọn èdè yòókù, tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń lò ó kò sì mọ̀ pé ó wà. Lúùpù rẹ̀ lè ní else. Ẹ wò ó:

for oruko in akojo:
    if oruko == eni_ti_a_n_wa:
        print("A rí i")
        break
else:
    print("Kò sí níbẹ̀")

Else yìí kò bá if tó wà lókè rẹ̀ tan. Ti for ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé yóò ṣiṣẹ́ nígbà tí lúùpù bá rìn dé òpin láìjẹ́ pé break kankan gbé e jáde. Bí break bá ṣiṣẹ́, a fo else. Bí àkójọ bá ṣófo, else yóò ṣiṣẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí a ń wá kò lè sí nínú àkójọ tí kò ní ẹnikẹ́ni. Bí kóòdù bá dé inú else, kò sí iyèméjì kankan nípa ilẹ̀kùn tí ó gbà.

Mo mọ̀ pé orúkọ náà kò bá a mu. Ẹni tó bá gbọ́ else yóò rò pé ó túmọ̀ sí "bí lúùpù kò bá yí rárá", ìdí sì nìyẹn tí àwọn àgbà kan nínú Python fi máa ń wí pé kí á kà á bí ẹni pé nobreak ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi náà máa ń kọ ọ̀rọ̀ àkíyèsí yẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú kóòdù mi, kí ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn mi má ṣe yọ ọ́ dànù.

Ẹ kíyè sí àyè tó wà níwájú ọ̀rọ̀ else yẹn. Lábẹ́ for gan-an ni ó dúró sí. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì sún un wọlé díẹ̀, tí ó wá bọ́ sí abẹ́ if, Python kò ní bá a jà, nítorí pé if náà lẹ́tọ̀ọ́ sí else tirẹ̀. Ṣùgbọ́n prógírámù náà yóò máa kígbe "Kò sí níbẹ̀" lórí gbogbo orúkọ tí kì í ṣe èyí tí a ń wá, kí ó tó wá kígbe "A rí i" níkẹyìn. Àyè mẹ́rin péré ni ó yà wọ́n. Nígbà tí mo bá ń kọ́ni, mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ ọ́ dáadáa, lẹ́yìn náà kí ó mọ̀ọ́mọ̀ sún else náà wọlé, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i rí kò ní gbàgbé.

Nígbà mìíràn, a kò tilẹ̀ nílò láti kọ lúùpù náà fúnra wa. Bí ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò bá ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, any ti Python yóò dúró níbi àkọ́kọ́ tí ó bá ti rí òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun kékeré kan níbẹ̀: any(o_dara(x) for x in akojo) yóò dúró ní kété tí ó bá rí ọ̀kan tó dára, ṣùgbọ́n any([o_dara(x) for x in akojo]) yóò kọ́kọ́ yẹ gbogbo àkójọ wò pátá, yóò to èsì wọn jọ, kí ó tó wá wo èyí àkọ́kọ́. Àmì àkámọ́ onígun méjì yẹn ni ó dí ọ̀nà àbájáde mọ́ wa lójú.

Break kò mọ̀ ju ilẹ̀kùn tó sún mọ́ ọn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Mo ní àwọn fáìlì kan láti yẹ̀ wò, mo sì ń wá fáìlì àkọ́kọ́ tí nọ́ḿbà kan ti fara hàn. Lúùpù òde ń mú fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, lúùpù inú ń ka ìlà rẹ̀. Bí mo bá rí nọ́ḿbà náà, màá kọ orúkọ fáìlì sílẹ̀, màá sì break. Ó ṣiṣẹ́. Mo fi èsì ránṣẹ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni ẹni tó gbà á sọ fún mi pé fáìlì tí mo dárúkọ kì í ṣe àkọ́kọ́, pé nọ́ḿbà náà ti wà nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Break mi jáde nínú lúùpù inú nìkan. Lúùpù òde kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ó mú fáìlì tó kàn, ó tún rí nọ́ḿbà náà níbẹ̀, ó sì fi orúkọ tuntun bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Orúkọ tí mo rí gbà jẹ́ orúkọ fáìlì gidi, nọ́ḿbà náà sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fura.

Báwo ni àwọn èdè ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí? Bash àti PHP ní kí a ka ilẹ̀kùn: break 2 yóò gbé ọ jáde nínú lúùpù méjì. Ó rọrùn láti kọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá wá fi lúùpù kan kún un láàárín lọ́la, èjì náà kò ní di ẹ̀ta fúnra rẹ̀. Perl àti JavaScript jẹ́ kí a fún lúùpù ní orúkọ, kí a sì sọ pé èyí tó ń jẹ́ báyìí ni a fẹ́ jáde nínú rẹ̀. Ìyẹn dára jù, nítorí pé orúkọ kì í yí padà bí a bá kọ́ yàrá mìíràn mọ́ ilé. Ní 2007, ẹnìkan dábàá pé kí wọ́n fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sínú Python. Van Rossum kọ̀ ọ́. Ó ní kóòdù tó díjú débi pé yóò nílò rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àti pé return, àṣẹ tí ń parí fọ́ńkíṣọ̀n (apá prógírámù tí a fún ní orúkọ) tí ó sì ń dá èsì rẹ̀ padà, ti wà tí a lè fi ṣe é ní mímọ́.

Mo ti bá àwọn ènìyàn jiyàn lórí ìpinnu yẹn, mo sì ti wá gbà pé ó jàre. Ẹ wo bí mo ṣe tún ti tèmi kọ:

def wa_faili(awon_faili, nomba):
    for faili in awon_faili:
        with open(faili) as f:
            for ila in f:
                if nomba in ila:
                    return faili
    return None

Return kò bìkítà bóyá lúùpù méjì ni ó yí i ká tàbí márùn-ún; inú fọ́ńkíṣọ̀n náà ni ó ti jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì tún dáhùn ìbéèrè wa àkọ́kọ́: bí a bá rí i, orúkọ fáìlì ni yóò padà wá, bí a kò bá rí i, None, tó túmọ̀ sí òfo, ni.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lásán ni èyí. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kínní 1990, nẹ́tíwọ̀kì ìpè ọ̀nà jíjìn ti AT&T ní Amẹ́ríkà dojú dé fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ibùdó 114 tí ń darí ìpè ni ó ń kú tí ó ń jí léraléra, tí ọ̀kan bá sì jí, yóò tún fa òmíràn ṣubú. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n bá àṣìṣe náà nínú prógírámù tuntun kan tí wọ́n fi síbẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1989: break kan tí wọ́n kọ sínú if, tí if náà sì wà nínú switch, àṣẹ tí ń yan ọ̀nà kan nínú ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀dọ̀ C ni PHP àti JavaScript sì ti jogún àṣà yìí gan-an. Break kò mọ if. Ó gba inú if kọjá, ó jáde nínú switch, ó sì fo iṣẹ́ tó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé òun fẹ́ jáde. Ibi tí òun ń jáde nínú rẹ̀ ni kò dá a lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo PHP, ẹ rántí pé switch wà lára ohun tí break ń kà, àti pé continue nínú switch máa ń ṣe bí break. Láti PHP 7.3 ni ó ti ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí a yà sára ògiri

Àwọn ibì kan wà tó jọ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n bí o bá tì í, ògiri ni. Nínú JavaScript, ẹni tó bá ń fi forEach rìn lórí àkójọ kò lè break. Èdè náà kò ní gbà á. Ni yóò bá kọ return, yóò sì rò pé òun ti jáde. Return yẹn parí yíyí ẹyọ kan péré, forEach sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí èyí tó kàn. Bí o bá fẹ́ jáde, lo for...of, tàbí some, tàbí find.

Ní Python, sys.exit, àṣẹ tí ń parí gbogbo prógírámù, máa ń jáde nípa gbígbé àṣìṣe pàtàkì kan dìde. Bí lúùpù rẹ bá ní try àti except, tí a fi ń mú àṣìṣe kí prógírámù má baà kú, tí except náà kò sì dárúkọ àṣìṣe tí ó ń retí, except náà yóò mú sys.exit bí ó ṣe ń mú àwọn yòókù, lúùpù yóò sì máa yí lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò mú Ctrl àti C tí ènìyàn fi ń dá prógírámù dúró. Ìwọ ń tẹ̀ ẹ́, ìwọ ń tẹ̀ ẹ́, prógírámù kò dá ọ lóhùn. Ẹ kọ except Exception, ó kéré tán. Àwọn méjèèjì yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù lọ, Bash ni. Ilé iṣẹ́ kan ní kí n kọ script tí yóò máa da fáìlì wọn kọ sí dísìkì ìpamọ́, tí yóò sì pa àwọn ti àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè wà. Mo kọ ọ́ báyìí:

cat akojo.txt | while read -r faili; do
    cp "$faili" /ipamo/ || exit 1
done
rm -r /atijo

Cp ń da fáìlì kọ, rm ń pa wọ́n rẹ́. Mo fi ọkàn mi balẹ̀ pé bí ìdàkọ kan bá kùnà, exit 1 yóò pa gbogbo script náà, kò sì ní dé orí rm. Ní òru ọjọ́ kan, dísìkì náà kún láàárín iṣẹ́. Cp kùnà, exit sì ṣiṣẹ́ bí mo ṣe ní kí ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní àárọ̀, ìdàkọ tuntun kò pé, ti àtijọ́ sì ti lọ. Mo jókòó síwájú ìlà mẹ́rin yẹn fún ìgbà pípẹ́, mo ń wò wọ́n, n kò rí ẹ̀bi wọn.

Páìpù yẹn ni. Àmì kékeré tó wà láàárín cat àti while mú kí Bash bí ọmọ kan tí yóò máa ṣe iṣẹ́ lúùpù náà ní yàrá tirẹ̀. Exit tí mo kọ sínú lúùpù, ọmọ yẹn ni ó pa. Ìyá rẹ̀ wà níta, ó ń retí, ọmọ kò sì jẹ́ iṣẹ́ fún un ju nọ́ḿbà 1 kan tí n kò ní kí ìyá wò. Ni ìyá bá bọ́ sórí ìlà tó kàn, ó pa ti àtijọ́ rẹ́. Ohun tí ó fi burú ni pé ksh àti zsh, àwọn ẹlẹgbẹ́ Bash, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe apá tó gbẹ̀yìn páìpù nínú yàrá ìyá gan-an, nítorí náà ẹni tó bá dán an wò nínú zsh lè rò pé kò séwu. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí a yọ cat àti páìpù kúrò, kí a sì kọ done < akojo.txt sí ìsàlẹ̀. Nígbà náà, ọmọ kò sí mọ́, exit yóò sì jáde nínú script fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í kọ rm sí abẹ́ lúùpù láìkọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn tí lúùpù náà gbà jáde.

Ohun tí a gbàgbé sínú yàrá

Ó ku ẹyọ kan. Bí ènìyàn bá sáré jáde, ó lè fi iná sílẹ̀ ní títàn. Fáìlì tí lúùpù ṣí, títì tí ó fi de nǹkan, fáìlì ìgbà díẹ̀ tí ó dá sílẹ̀, ta ni yóò palẹ̀ wọn mọ́ bí break tàbí return bá fo ìlà tó yẹ kí ó ṣe é? Ẹ padà wo fọ́ńkíṣọ̀n tí mo kọ lẹ́ẹ̀kan. Return wà nínú with. Kí return tó jáde, with yóò ti fáìlì náà pa. Bó jẹ́ break, bó jẹ́ continue, bó jẹ́ àṣìṣe ni ó gbé wa jáde, yóò tì í pa. Finally, ibi tí a ń kọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn try bó ti wù kó rí, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Bash, trap pẹ̀lú EXIT ni a fi ń ṣe tirẹ̀: ìlà kan ní orí script, kí a tó ṣí ohunkóhun, tí ó sọ ohun tí a ó palẹ̀ mọ́ ìgbàkígbà tí script bá ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ return tàbí break sínú finally fúnra rẹ̀. Bí àṣìṣe kan bá ń bọ̀ tí ó sì bá return níbẹ̀, return yóò gbé àṣìṣe náà mì, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ nípa rẹ̀ láé.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún sùúrù yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìdúró. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, tàbí ẹni tó ní script kan tí ó ń fura sí, kí ó gbé e wá síwájú níbí, kí a jọ kà á láti ìlà dé ìlà.